Kíkó Káàdì Bẹ́ésíbọ́ọ̀lù Àtijọ́ Jọ: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Léraléra àti Ìdáhùn Wọn

Kí ni káàdì bẹ́ésíbọ́ọ̀lù gan-an?

Páálí kékeré pẹlẹbẹ ni. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù kan máa ń wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń gbá bẹ́ésíbọ́ọ̀lù, eré Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbá fún àti àkọsílẹ̀ eré rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn. Nínú àwọn tó pẹ́ jù, ìpolówó sìgá ló wà lẹ́yìn dípò àkọsílẹ̀ eré.

Láti 1957 ni Topps, iléeṣẹ́ tó ń tẹ káàdì, ti fi ìwọ̀n rẹ̀ sí ínǹṣì 2½ ní ìbú àti ínǹṣì 3½ ní gígùn, ìwọ̀n yẹn náà sì la ń lò dòní. Àwọn tó ṣáájú 1957 kò dọ́gba rárá. Ti 1952 fẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, ti 1909 sì kéré débi pé ìka mẹ́ta yóò bò ó. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ike ìpamọ́.

Èwo là ń pè ní àtijọ́?

Ọdún 1980 ni ọ̀pọ̀ olùkójọ fi ààlà sí. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ṣà á. Topps ra Bowman tó ń bá a díje ní 1956, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọjà náà jẹ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ilé ẹjọ́ dá Fleer, iléeṣẹ́ mìíràn tó pe Topps lẹ́jọ́, láre ní 1980, nígbà tó sì di 1981, Fleer àti Donruss ti ń tẹ káàdì tiwọn. Láti ìgbà náà ni káàdì ti ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ tún máa ń pín ti àtijọ́ sí méjì: èyí tó ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, àti èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bébà wọ́n nígbà ogun, káàdì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró láti 1942 títí di 1948.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é, kí ni wọ́n sì fi ṣe?

Àwọn oníṣòwò sìgá ni. Páàkì sìgá ayé ìgbà náà rọ̀, ó sì máa ń wó mọ́ sìgá lórí. Wọ́n fi páálí sínú rẹ̀ kó lè dúró. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé bí àwọn bá tẹ àwòrán sára páálí náà, oníbàárà yóò tún padà wá ra òmíràn. Iléeṣẹ́ sìgá Goodwin ní New York ṣe káàdì Old Judge láti 1886 sí 1890, àwòrán tí wọ́n fi kámẹ́rà yà ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ páálí. Allen & Ginter ti ìlú Richmond, ní Virginia, fi àwọn agbábọ́ọ̀lù sínú tiwọn ní 1887.

Ní 1890, àwọn iléeṣẹ́ sìgá ńláńlá para pọ̀ di American Tobacco Company. Kò sí ẹni tí wọ́n ń bá du oníbàárà mọ́, káàdì sì lọ sílẹ̀. Ó tún padà dé ní 1909 pẹ̀lú èyí tí à ń pè ní T206, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi pàṣẹ ní 1911 pé kí wọ́n tú iléeṣẹ́ náà ká.

Lẹ́yìn sìgá ni súìtì àti gúgúrú. Cracker Jack fi káàdì sínú gúgúrú aládùn ní 1914 àti 1915. Ti 1914 sábà máa ń ní àbàwọ́n ṣúgà, torí inú páálí gúgúrú nìkan ni wọ́n ti lè rí i. Ní 1915, èèyàn lè kọ̀wé béèrè fún odindi sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn gbogbo káàdì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ lọ́dún náà, ìdí nìyẹn tí èyí tó mọ́ nínú ti 1915 fi pọ̀ ju ti 1914 lọ. Goudey ti ìlú Boston ló wá gbé káàdì inú ṣíńgọ́ọ̀mù dé pẹ̀lú agbára ní 1933.

Mi ò dàgbà nídìí bẹ́ésíbọ́ọ̀lù. Ṣé ó lè jẹ́ tèmi?

Ó lè jẹ́ tiyín. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston, Atlanta àti Maryland máa ń bi wá ní èyí gan-an. Ẹ lọ wo eré kan tàbí méjì ní pápá, ẹ jókòó ti àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n, kó ṣàlàyé fún yín bí wọ́n ṣe ń ka eré. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, akọni ni. Ìyẹn nìkan á jẹ́ kí ẹ mọ bí eré náà ṣe le tó.

Ẹni tí kò dàgbà nídìí ẹ̀ ní àǹfààní kan: kò ní ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ìtàn èèyàn ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Roberto Clemente, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Puerto Rico, kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní December 31, 1972, nígbà tó ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ fún àwọn tí ilẹ̀ mì mọ́ lórí ní Nicaragua. Láti 1957 sí 1969, Topps ń kọ orúkọ rẹ̀ sí "Bob" lórí káàdì. Ẹ to káàdì rẹ̀ láti 1955 dé 1973 sórí tábìlì, ẹ ó rí i bí orílẹ̀-èdè kan ṣe kọ́ láti pe orúkọ ọkùnrin kan bó ṣe yẹ.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń ra gbogbo ohun tó wù ú, àpótí páálí lásán ni yóò kù sí lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni a máa ń dámọ̀ràn: sẹ́ẹ̀tì ọdún kan lódindi, gbogbo káàdì agbábọ́ọ̀lù kan, tàbí káàdì kan láti ọdún kọ̀ọ̀kan.

Fún ẹni tó fẹ́ sẹ́ẹ̀tì, Topps 1975 dára púpọ̀. Káàdì 660 ni, àwọ̀ méjì méjì ló yí wọn ká, inú rẹ̀ ni káàdì àkọ́kọ́ George Brett àti Robin Yount wà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ò sì wọ́n. Fún ẹni tó fẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan, Hank Aaron ni mo máa ń sọ: Topps tẹ káàdì rẹ̀ lọ́dọọdún láti 1954 dé 1976. Ti 1954 ni owó rẹ̀ máa ń bani lẹ́rù, ẹ fi ìyẹn ṣe ìparí.

Kí ni T206, R319 àti E98 tí wọ́n ń pè yẹn?

Jefferson Burdick, ará ìlú Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York, ló fún wọn ní àmì bẹ́ẹ̀. Ó to káàdì tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà sínú ìwé atọ́ka kan, ó sì fi lẹ́tà pín wọn: N fún ti tábà ọ̀rúndún kọkàndínlógún, T fún ti tábà ọ̀rúndún ogún, E fún ti súìtì ìgbà yẹn, R fún ti gọ́ọ̀mù tó dé lẹ́yìn wọn. R319 ni Goudey 1933. E98 ni sẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n káàdì kan tó jáde ní nǹkan bí 1910.

Ọkùnrin yìí yẹ lẹ́ni tí gbogbo wa ń júbà. Kò lówó, kò gbéyàwó, làkúrègbé sì ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Ó kó káàdì àti ìwé ìpolówó tó lé ní 300,000 fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan Museum of Art ní New York, ó sì ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láti lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó parí iṣẹ́ náà ní January 1963, ó sì kú ní March ọdún kan náà. Káàdì Honus Wagner tó wọ́n bí ojú, tí ẹ ó kà nípa rẹ̀ nísàlẹ̀, wà nínú ẹ̀bùn rẹ̀. Kò tà á.

Mo rí àpótí káàdì ńlá kan láti 1988. Ṣé mo ti lówó?

Ó ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 1986 títí wọ inú ọdún 1990 sí 1993, àwọn iléeṣẹ́ tẹ káàdì ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà tán lọ, àwọn èèyàn sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ torí wọ́n ti gbọ́ pé ti àtijọ́ ń di owó. Ohun tí gbogbo èèyàn bá tọ́jú kì í wọ́n. Kódà káàdì Ken Griffey Jr. tó jẹ́ nọ́ńbà kìíní nínú Upper Deck 1989, tí gbogbo ọmọdé ń lálàá rẹ̀, pọ̀ lọ súà.

Ẹ má dà wọ́n nù o. Ẹ fún ọmọ àdúgbò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ipò tí káàdì wà?

Ohun mẹ́rin ni ojú kọ́kọ́ máa ń wá: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí, ojú káàdì, àti bóyá àwòrán wà láàárín gbùngbùn. Igun tó ti yípo, ìlà tó ṣẹ́, ihò pínnì, bírò ọmọdé tó kọ orúkọ sí i, gbogbo wọn ló ń já owó wálẹ̀. Iléeṣẹ́ bíi PSA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, àti SGC máa ń fún káàdì ní máàkì láti 1 dé 10, wọ́n á sì tì í mọ́nú ike líle.

Ìyàtọ̀ owó láàárín máàkì máa ń ga ju bí ẹ ṣe rò lọ. Káàdì kan náà tó gba 8 lè tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó gba 3, bẹ́ẹ̀ ojú lásán lè má rí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹ bá na ọwọ́ jìnnà. Ìmọ̀ràn mi dá lórí èyí: ẹ ra èyí tó gba 2 tàbí 3 tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì dára tí ojú agbábọ́ọ̀lù náà sì mọ́ kedere. Igun tó yípo fi hàn pé ọmọdé kan fẹ́ràn rẹ̀ rí. Mi ò rí ẹ̀bi kankan nínú ìyẹn.

Ṣé dandan ni kí n fi gbogbo káàdì mi ránṣẹ́ fún máàkì?

Rárá. Owó iṣẹ́ náà, owó ìfiránṣẹ́ àti àsìkò tí yóò gbà lè ju iye káàdì náà lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ bí káàdì bá wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí olùrà yóò fẹ́ ẹ̀rí pé kì í ṣe ayédèrú, tàbí bí ẹ bá fẹ́ tà á. Fún sẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń tò sínú ìwé oníke kí ẹ lè máa ṣí i wò, ike líle yẹn á kàn di yín lọ́wọ́ ni.

Kí ló dé tí káàdì Honus Wagner fi di àwátì?

Wagner ń gbá fún Pittsburgh Pirates, ó sì wà lára àwọn tó mọ eré náà jù láyé rẹ̀. American Tobacco bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ káàdì rẹ̀ sínú T206, ó ní kí wọ́n dá a dúró. Ìtàn méjì ló wà nípa ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní kò fẹ́ kí ọmọdé máa ra sìgá torí òun. Àwọn mìíràn ní kò rí owó gbà lórí àwòrán ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń jẹ tábà, èyí ló mú kí àríyànjiyàn náà má parí. Èyí tó ṣẹ́ kù láyé kò ju nǹkan bí ọgọ́ta lọ.

Ní 1991, Wayne Gretzky, agbáhọ́kì, àti Bruce McNall ra ọ̀kan ní 451,000 dọ́là. Ọ̀kan náà yẹn dé 2.8 mílíọ̀nù dọ́là ní 2007. Òmíràn, tó gba máàkì 3 péré, lọ ní 6.6 mílíọ̀nù dọ́là ní ọjà gbàǹjo ní 2021, òmíràn tó gba 2 sì lọ ní 7.25 mílíọ̀nù ní 2022.

Ẹ má jẹ́ kí Wagner da orí yín rú. T206 ní oríṣi káàdì tó lé ní 520, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú rẹ̀ ni ẹni tó ń gba owó oṣù lè rà ní ipò gbígbó, pàápàá èyí tó ní ìpolówó Piedmont tàbí Sweet Caporal lẹ́yìn. Ẹ ó ní ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́wọ́, inú páàkì sìgá kan náà ló sì ti jáde bíi ti Wagner.

Kí ló jẹ́ kí Topps 1952 gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps, ló ṣètò rẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ní Brooklyn. Ó tóbi, ó láwọ̀, ó ní àmì ẹgbẹ́, ó sì ní àkọsílẹ̀ eré lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ohun tí káàdì ń jọ títí dòní, ibẹ̀ ló ti wá. Káàdì 407 ni. Èyí tó kẹ́yìn, láti 311 dé 407, jáde nígbà tí eré ọdún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tí ojú ọmọdé ti kúrò lára bẹ́ésíbọ́ọ̀lù, kò sì tà. Àjẹkù náà wà ní ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún púpọ̀. Ní nǹkan bí 1960, Berger kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì.

Nọ́ńbà 311 ni Mickey Mantle. Ọ̀kan tó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tà ní 12.6 mílíọ̀nù dọ́là ní August 2022. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀ nìyí: kì í ṣe òun ló ṣọ̀wọ́n jù nínú àwọn tó kẹ́yìn yẹn. Ìlọ́po méjì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú Jackie Robinson tó jẹ́ 312 àti Bobby Thomson tó jẹ́ 313. Kì í sì í ṣe káàdì àkọ́kọ́ rẹ̀; ìyẹn wà nínú Bowman 1951, nọ́ńbà 253. Ìfẹ́ àwọn èèyàn sí i ló gbé owó rẹ̀ ga.

Nọ́ńbà kìíní, Andy Pafko, ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ọmọdé máa ń to káàdì ní nọ́ńbà, wọ́n á fi rọ́bà dì í, Pafko tó wà lókè ló sì ń jẹ rọ́bà náà. Èyí tó mọ́ nínú rẹ̀ wọ́n gan-an nítorí bẹ́ẹ̀.

Ṣé àwọn agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú wà nínú káàdì àtijọ́?

Fún bí ọgọ́ta ọdún, líìgì ńlá Amẹ́ríkà kò gba aláwọ̀ dúdú láyè, àwọn tó ń tẹ káàdì sì gbàgbé wọn pátápátá. Wọ́n dá líìgì tiwọn sílẹ̀, àwọn èèyàn bíi Josh Gibson àti Oscar Charleston gbá bọ́ọ̀lù tí ẹni tó rí i kò gbàgbé, ṣùgbọ́n kò sí iléeṣẹ́ sìgá tàbí gọ́ọ̀mù kan ní Amẹ́ríkà tó fi wọ́n sórí káàdì. Ní 2020 ni líìgì ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé líìgì wọn náà jẹ́ líìgì ńlá. Ní 2024, nígbà tí wọ́n da àkọsílẹ̀ wọn pọ̀, Gibson ló bọ́ sókè pátápátá nínú ìpíndọ́gba bọ́ọ̀lù gbígbá, ó yọ Ty Cobb, tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kúrò.

Kúbà ló gba wọ́n là fún wa. Láti 1900 ni líìgì Kúbà ti gba aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Amẹ́ríkà dúdú sì máa ń lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nígbà òtútù. Àwọn iléeṣẹ́ sìgá Kúbà, bíi Cabañas ní 1909 àti Billiken ní 1923 sí 1924, tẹ káàdì wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí Charleston lórí káàdì nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, Billiken ni yóò wá. Wọ́n ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì wọ́n.

Èyí tó yẹ kó dùn mọ́ àwa ọmọ Yorùbá ni pé agbègbè Matanzas, níbi tí àwọn Lùkùmí, ìran Yorùbá ní Kúbà, ti pa ìlù bàtá àti oríkì òrìṣà mọ́ títí dòní, ni mẹ́ta nínú àwọn akọni wọ̀nyí ti wá: José Méndez, Martín Dihigo àti Minnie Miñoso. Gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní ilé ọlá bẹ́ésíbọ́ọ̀lù ní Cooperstown báyìí: Dihigo ní 1977, Méndez ní 2006, Miñoso ní 2022. Káàdì Miñoso, nọ́ńbà 195 nínú Topps 1952, kì í ṣe ti olówó nìkan. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi han àwọn tó bá bi mí pé kí ló kàn wá nínú eré òyìnbó.

Jackie Robinson wọ pápá fún Brooklyn Dodgers ní April 15, 1947. Káàdì rẹ̀ nínú Leaf 1948 àti Bowman 1949 ló gbajúmọ̀ jù. Satchel Paige àti Larry Doby náà wà nínú sẹ́ẹ̀tì méjèèjì.

Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú wọn kí wọ́n má bàjẹ́?

Ike tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní penny sleeve lẹ ó kọ́kọ́ fi wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ẹ tì í bọ inú ike líle tí wọ́n ń pè ní toploader. Ẹ sá fún ike PVC àtijọ́ tó máa ń rùn. Èéfín rẹ̀ ń jẹ káàdì díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù kan káàdì, ẹ má fi rọ́bà dì í, ẹ má sì ṣe lámínéètì rẹ̀ láéláé.

Oòrùn ń ṣí àwọ̀ kúrò, ọ̀rinrin ń mú páálí wú, ó sì ń fa èébu. Àjà ilé máa ń gbóná jù, yàrá abẹ́ ilẹ̀ sì máa ń tutù jù. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá tí ẹ̀yin fúnra yín ń sùn ló dára jù. Ẹni tó bá ń kó wọn bọ̀ nílé, ní Èkó tàbí Cotonou, kó fi àpò silica gel sínú àpótí tó dé dáadáa, kó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà òjò. Kó má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ikán kò mọ Mantle yàtọ̀ sí ìwé ìròyìn.

Báwo ni mo ṣe lè dá ayédèrú mọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ojú yín lára ojúlówó. Ẹ ra T206 méjì tàbí mẹ́ta tí kò wọ́n, kí ẹ mọ bí páálí rẹ̀ ṣe nípọn, bó ṣe rí lọ́wọ́. Ẹ fi dígí amóhuntóbi wo lẹ́tà orúkọ: lára ojúlówó, àwọ̀ kan ṣoṣo tó kún dédé ni lẹ́tà náà máa ń ní, lára èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, ẹ ó rí i pé tótòótó ni àwọ̀ náà kóra jọ.

Iná aláwọ̀ àlùkò tó ń mú nǹkan funfun tàn wúlò púpọ̀. Bébà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì sábà máa ń ní èròjà tó ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Bí káàdì tí wọ́n ní ti 1911 ni bá tàn yanran, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí kò bá tàn, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí àwọn oníjìbìtì máa ń fi bébà àtijọ́ ṣe tiwọn.

Àtúntẹ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Topps fúnra rẹ̀ tún 1952 tẹ̀ ní 1983, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn pé àtúntẹ̀ ni. Ìṣòro ni ẹni tó bá fi nǹkan ha ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Kí ló burú nínú pé kí n gé etí káàdì díẹ̀ kó lè gún?

Ó burú gan-an. Káàdì tí wọ́n gé, tí wọ́n kun àwọ̀ sí, tàbí tí wọ́n fi èròjà fọ̀, ti kúrò ní ohun tó jẹ́. Iléeṣẹ́ máàkì kò ní fún un ní nọ́ńbà bí wọ́n bá rí i, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé ojúlówó tí wọ́n ti yí padà ni. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù ni Wagner ti Gretzky. Ó gba máàkì 8, òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, àfi ìgbà tí Bill Mastro, tó ti tà á rí, gbà níwájú ilé ẹjọ́ ní 2013 pé òun gé etí rẹ̀. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n lórí jìbìtì nínú ọjà gbàǹjo rẹ̀.

Omi nìkan ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì ìgbà sìgá ni wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ìwé, àwọn kan sì máa ń rẹ wọ́n sínú omi mímọ́ kí àtè náà lè tú. Mo fara mọ́ ọn fún káàdì tó ṣáájú ogun, bí ẹni tó ṣe é bá sọ fún olùrà. Ẹni tó bá fi pamọ́, jìbìtì ló ṣe.

Ibo ni kí n ti máa rà?

Ìpàtẹ káàdì ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹ ó fọwọ́ kàn án. Èyí tó tóbi jù, National Sports Collectors Convention, ti ń wáyé lọ́dọọdún láti 1980, ìlú bíi Chicago, Cleveland àti Atlantic City ló sì sábà máa ń gbà á lálejò. Ẹ dúnàá dúrà. Àwọn olùtajà ń retí rẹ̀, ọmọ Yorùbá kò sì nílò olùkọ́ níbẹ̀.

Ní ọjà gbàǹjo, ẹ ka ìlànà kí ẹ tó dá owó. Olùrà máa ń san àfikún, nǹkan bí ìdá márùn-ún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí iye tí wọ́n lù ú sí. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò rò pé ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lòun ná, ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ kò ní kọjá sórí bébà ṣáájú.

Ṣé ọ̀nà ìdókòwò ni?

Àwọn kan jèrè, ọ̀pọ̀ pàdánù. Nígbà àrùn Kòrónà, owó káàdì gòkè débi pé PSA dáwọ́ gbígba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dúró ní March 2021, ilé ìtajà Target sì dáwọ́ títa káàdì dúró ní May ọdún náà nítorí ìjà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n rà nígbà náà já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ àti owó ilé kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá rà, ẹ rà á bí ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́ fún ogún ọdún, kí inú yín sì lè dùn sí i bí iye rẹ̀ bá dín sí ìdajì.

Mo ti dàgbà. Báwo ni kí n ṣe fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún, sẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà, iye tí ẹ rà á àti ọjọ́ tí ẹ rà á, kí àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí kò bá ní ìwé yìí lọ́wọ́, ẹni àkọ́kọ́ tó bá kanlẹ̀kùn pẹ̀lú owó díẹ̀ ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ tún yẹ ìwé adójútòfò ilé yín wò, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi gègé sórí ohun ìkójọ. Ó lè di dandan kí ẹ ra ti káàdì lọ́tọ̀.

Fún àwọn tó ń san owó orí ní Amẹ́ríkà: bí ẹ bá tà á láàyè lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọdún kan lọ́wọ́ yín, owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí èrè rẹ̀ lè dé ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ga ju ti ìpín okòwò lọ. Bí ọmọ bá jogún rẹ̀, iye tó jẹ́ ní ọjọ́ tí òbí kú ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò èrè, kì í ṣe iye tí òbí rà á. Nítorí náà, kí ẹ tó sáré ta káàdì tó ti gòkè gan-an, ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ agbẹjọ́rò tàbí oníṣirò tó mọ̀ nípa ogún. Ẹ sì pe ọmọ tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i jókòó nísinsìnyí, kí ẹ jọ ṣí ìwé náà, kó mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ tà àti ìdí rẹ̀.